Kíkọ́ pasítà àti ọtí àdàlù ní Ítálì: ohun tó yẹ ká mọ̀ ká tó sanwó

Ará_Ọ̀nà
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn tó ń múra àtilọ Ítálì láàárín wa ti ń pọ̀ sí i, kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ àlejò bí a ṣe ń po pasítà, tí wọ́n tún ń kọ́ni ní ọtí àdàlù (cocktail) lé e, ni gbogbo wọn ń bèèrè. Ìlú wo ló dáa? Kí ni ká bi wọ́n ká tó sanwó? Kí ló máa ń bàjẹ́ nídìí pátákó, kí ló sì ń fà á? Ẹ dákun, ẹ fi ìtàn ìrìn àjò sílẹ̀. Òṣùwọ̀n àti ìdí abájọ la fẹ́.

Ìyá_Bologna
Ìlú ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, torí ohun tí wọ́n ń pè ní pasítà níbì kan yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Ní Bologna àti gbogbo agbègbè Emilia-Romagna, ìyẹ̀fun kíkúnná tí wọ́n kọ 00 sí lára àti ẹyin ni wọ́n ń pò pọ̀, wọn kì í da omi sí i. Ní Puglia lápá gúúsù, semola rimacinata ni, ìyẹn àlìkámà líle tí wọ́n lọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n fi ń po tiwọn, kò sí ẹyin níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń tẹ́ ìyẹ̀fun títí tí yóò fi fẹ́lẹ́ débi pé ẹ ó máa rí òjìji ọwọ́ yín lódì kejì, Bologna ni kó gbà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ orecchiette, àwọn etí kéékèèké tí àwọn obìnrin Bari Vecchia (àdúgbò àtijọ́ ní ìlú Bari, ní Puglia) máa ń fi ọ̀bẹ wọ́ lórí pátákó lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, kó sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù. Kíláàsì tó pa pasítà àti ọtí pọ̀ wọ́pọ̀ dáadáa ní Róòmù àti Firenze, torí àlejò ò wọ́n níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ọtí ló jẹ yín lógún ju oúnjẹ lọ, Milano tàbí Venezia ni.

Ẹ má rò pé wọ́n ń fi pasítà ṣeré ní Bologna o. Láti 1972 ni wọ́n ti kọ òṣùwọ̀n tagliatelle (pasítà gígùn tí wọ́n gé bí ìgbànú) sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn oníṣòwò ìlú náà: mìlímítà 8 ní fífẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti jinná. Ẹ fọkàn sí "lẹ́yìn tó bá ti jinná" yẹn. Pasítà máa ń wú nínú omi, torí náà bíi mìlímítà 7 ni olùkọ́ yóò ní kí ẹ gé e.

Ọ̀gá_Pátákó
Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n léèrè pé èèyàn mélòó ni yóò yí pátákó kan ká. Mẹ́jọ sí méjìlá dáa. Tó bá ti kọjá ogún, ẹ̀yin á kàn máa wòran ni, olùkọ́ ni yóò ṣe é. Ẹ bèèrè bóyá ẹnì kọ̀ọ̀kan ló máa po tirẹ̀ láti orí ìyẹ̀fun gbígbẹ, torí àwọn kan wà tí wọ́n ti pò ó sílẹ̀ látàárọ̀, gígé nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àlejò. Ẹ bèèrè èdè tí wọ́n ń fi kọ́ni. Lórí ọtí, ìbéèrè kan péré tó: ṣé àwa la máa wọ̀n ọ́n, àbí ẹ kàn máa gbé e fún wa? Ife wáìnì tí wọ́n gbé fún yín lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe ẹ̀kọ́.

Ẹ wo wákàtí rẹ̀ pẹ̀lú. Pípò gba ìṣẹ́jú 10 sí 15, ìsinmi 30, títẹ́ àti gígé bíi 40, síse àti ọbẹ̀ 20, kí ẹ tó wá jókòó jẹun. Ẹni tó bá ní wákàtí kan ààbọ̀ lòun máa fi ṣe gbogbo rẹ̀ ti gé ibì kan kúrò. Wákàtí mẹ́ta ló yẹ. Owó tó wọ́pọ̀ ní ìlú ńlá wà láàárín yúrò 60 sí 120 fún ẹnì kan, oúnjẹ tí ẹ máa jẹ wà nínú rẹ̀. Nígbà ooru, ẹ mú ti àárọ̀ bí wọ́n bá ní i, nítorí ilé ìdáná tó gbóná máa ń gbẹ ìyẹ̀fun lójú yín.

Ará_Ọ̀nà
Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Pípò yẹn gan-an ńkọ́? Ẹni tó mọ ṣinṣín pò nílé, ṣé ó ti mọ̀ ọ́n tán nìyẹn?

Ìyá_Bologna
Rárá o. Ṣinṣín kì í fẹ́ pípò púpọ̀, torí kíkán la fẹ́ kó kán lẹ́nu. Pasítà ò gbọdọ̀ kán rárá, fífà la fẹ́ kó máa fà. Gluten inú àlìkámà ló ń jẹ́ kó fà, pípò tó pẹ́ ló sì ń jí gluten náà dìde. Báyìí ni wọ́n ṣe máa kọ́ yín:

Gíráàmù 100 ìyẹ̀fun 00 sí ẹyin kan, fún ẹnì kan. Ẹyin tí wọ́n ní lọ́kàn wúwo tó gíráàmù 55 láìsí èèpo. Ẹ da ìyẹ̀fun sórí pátákó igi, ẹ fi ìka gbẹ́ ihò fífẹ̀ sáàárín rẹ̀, fontana ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ẹ fọ́ ẹyin sínú ihò náà, ẹ fi fọ́ọ̀kì lù ú, kí ẹ sì máa ré ìyẹ̀fun láti etí inú bọ̀ sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí àgbàrá ti máa ń ya nìyí: ẹni tó bá gbẹ́ ihò tóóró, tàbí tó fà á láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣáá, ògiri á wó, ẹyin á sì gba orí pátákó lọ. Bó bá ya, ẹ má pariwo. Ẹ fi ìyẹ̀fun bò ó, kí ẹ fi ọ̀bẹ gbá gbogbo rẹ̀ padà sáàárín.

Nígbà tó bá ti di ìṣù, ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ tì í síwájú bí ẹni ń fọ aṣọ lórí pátákó, ẹ ká a padà, ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ tún tì í. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, ẹ wo aago. Ní ìṣẹ́jú kẹta, gbogbo ènìyàn ló ń rò pé ó ti gbẹ jù, wọ́n á fẹ́ da omi sí i. Ẹ má dà á! Ìyẹ̀fun kò tíì mu ẹyin tán ni. Bó bá wá di ìṣẹ́jú kẹfà tó ṣì ń sán, ẹ tọ ọwọ́ bọ omi, ẹ fi ọwọ́ tútù yẹn pò ó, ìyẹn ti tó. Bó bá sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ìyẹ̀fun díẹ̀ bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀kúnwọ́. Ẹ óò mọ̀ pé ó ti dé ojú ẹ̀ nígbà tó bá ń dán tó sì rọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ níka tó sì ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀rá wé e tàbí kí ẹ dojú abọ́ dé e, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wọn kì í fi ibi ìsinmi yìí tàfàlà. Ìyẹ̀fun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pò ti le kankan: bí ẹ bá tẹ́ ẹ, ó ń súnkì padà. Ẹni tó bá ń bá igi jà, tó ń làágùn, àìsinmi ló fà á, kì í ṣe àìlágbára.

Ọlọ́tí_Navigli
Àǹtí ti ṣí ọ̀nà fún mi. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ìsinmi yẹn ni àyè ọtí nínú kíláàsì tó bá létò. Kíláàsì tó bá fún yín ní ife méjì kí ẹ tó fọwọ́ kan ìyẹ̀fun, ọ̀bẹ ń bọ̀ níwájú o.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí: ọtí àdàlù ni mo ń sọ, kì í ṣe àdàlù ẹ̀wà. Márùn-ún ni wọ́n máa ń kọ́ni, wọn ò le, ìwọ̀n ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Spritz: prosecco (wáìnì funfun Ítálì tó ń hó) mililítà 90, Aperol (ọtí aláwọ̀ ọsàn tó korò díẹ̀) 60, omi sódà bíi 30. Mẹ́ta, méjì, ọ̀kan ni ẹ fi máa rántí. Ife wáìnì ńlá, yìnyín kún un dé etí. Prosecco ló ń kọ́kọ́ wọlé, Aperol tẹ̀ lé e, sódà kẹ́yìn, kí ẹ fi ṣíbí gbé e láti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Aperol ní ṣúgà púpọ̀, ó sì wúwo: bó bá kọ́kọ́ wọlé, ìsàlẹ̀ ló ń jókòó sí, ẹ ó wá máa rò ó títí afẹ́fẹ́ inú prosecco fi máa tán. Ní Venezia, Select ni ọ̀pọ̀ ń lò dípò Aperol, èso ólífì sì ni wọ́n ń jù sí i.

Negroni: gin 30, Campari (ọtí pupa kíkorò) 30, vermouth pupa (wáìnì tí wọ́n fi egbò sí) 30. Firenze, lọ́dún 1919, ni ìtàn rẹ̀ sọ pé ó ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọlọ́lá kan tó ń jẹ́ Camillo Negroni ní kí wọ́n fi gin rọ́pò sódà inú ọtí Americano òun. Inú ife kúkúrú ni ẹ ti ń dà á, yìnyín ńlá, ẹ fi ṣíbí rò ó fún ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30, ẹ fi awẹ́ ọsàn sí i. Ẹ má gbọ̀n ọ́n nínú agolo. Gbígbọ̀n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó sì ń fọ́ yìnyín wẹ́wẹ́, ọtí tó yẹ kó mọ́ gaara á wá dà bí omi tí ọmọdé rú.

Americano ni Campari 30, vermouth 30, sódà díẹ̀. Sbagliato, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ "èyí tí wọ́n ṣì ṣe", ni Negroni tí prosecco gba ipò gin inú rẹ̀. Bar Basso ní Milano ni wọ́n ti ń sọ ìtàn rẹ̀.

Bellini ti Harry's Bar ní Venezia yàtọ̀: èso píìṣì funfun tí a lọ̀ kúnná 50, prosecco 100, kò sí yìnyín rárá. Gbogbo rẹ̀ ló gbọdọ̀ ti tutù nini tẹ́lẹ̀, títí kan ife. Ẹ da èso síwájú, ẹ tẹ ife díẹ̀, kí prosecco máa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ẹni tó bá sáré dà á, fóòmù á kún ife, ọtí á dà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìnyín: yìnyín inú ife tó kún dáadáa kì í tètè yọ́. Ẹni tó ń ṣahun yìnyín, tó fi ègé méjì sí i, òun gan-an ni omi máa kún ife rẹ̀, torí ègé méjì yẹn ń yọ́ kíákíá kí wọ́n lè mú gbogbo ọtí tutù.

Ọ̀gá_Pátákó
Bọ̀dá, ẹ bá wọn ṣírò agbára rẹ̀. Àwọ̀ wọn ń tan àlejò jẹ.

Ọlọ́tí_Navigli
Òótọ́ ni. Aperol jẹ́ ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún, prosecco náà bíi 11. Campari ń lọ sí 25, vermouth bíi 16, gin 40. Spritz kan wá ní ọtí pọ́ńbélé bíi mililítà 16 ààbọ̀ nínú. Negroni ní bíi 24, ó sì kéré lójú ju Spritz lọ. Negroni méjì àti Spritz mẹ́ta, ọgbọọgba ni wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ gba mọ́tò lọ sí oko ìgbèríko, 0.5 gíráàmù nínú lítà ẹ̀jẹ̀ ni òfin Ítálì gbà, ẹni tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta tó gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ kò gbọdọ̀ ní ẹyọ kan. Ẹ gba tákísì.

Ìdáná_Peckham
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ ni àbí igi? Àwọn kíláàsì kan ní ẹ̀rọ ni àwọn ń lò, wọ́n tún ń fi yangàn.

Ìyá_Bologna
Ìdáná mi, igi ni mo fara mọ́. Ẹ̀rọ onírin ń tẹ ìyẹ̀fun pọ̀ ni, ojú rẹ̀ á máa dán bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọbẹ̀ á máa yọ̀ kúrò lára rẹ̀. Igi gígùn (mattarello) lórí pátákó igi ń nà án, ó sì ń fi ojú tí kò dán sílẹ̀ tí ọbẹ̀ fi ń dì mọ́ ọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ẹ tì í síwájú, ẹ má tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ yí i díẹ̀, ẹ tún tì í. Nígbà tó bá fẹ̀, ẹ ká a mọ́ igi lára, kí ẹ máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì fà á láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ bó ṣe ń yí.

Ọ̀gá_Pátákó
Mi ò bá àǹtí jiyàn lórí adùn, ṣùgbọ́n ẹni tó máa ṣe é nílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nínú kíṣìnnì kékeré, ẹ̀rọ ni yóò rà. Kó kọ́ méjèèjì. Bí ẹ bá lo ẹ̀rọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu tó gbòòrò jù, ẹ ká a sí mẹ́ta, ẹ tún kì í bọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin lórí ẹnu kan náà kí ẹ tó sún un. Ẹni tó bá fo ẹnu méjì lẹ́ẹ̀kan, ńṣe ló máa ya.

Kí ẹ tó gé e, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ díẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Ó tútù jù, àwọn okùn á lẹ̀ mọ́ra di odindi ìṣù nínú ìkòkò. Ó gbẹ jù, ibi tí ẹ ti ká a ni yóò ti sán. Semola ni kí ẹ wọ́n sí i lẹ́yìn gígé, ẹ má wọ́n 00: 00 ń mu omi ara pasítà, ó ń di gọ́ọ̀mù, semola rí gbọnrangbọnran, ó ń gbọ̀n dànù nígbà tí ẹ bá gbé e sókè.

Ravioli (pasítà tí wọ́n di nǹkan sínú) ní tirẹ̀, afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá. Ẹ fi ìka tẹ gbogbo etí rẹ̀ yíká ohun inú, kí ẹ lé afẹ́fẹ́ jáde kí ẹ tó dì í. Afẹ́fẹ́ tó kù nínú rẹ̀ ń wú bí omi bá hó, ó ń bẹ́. Bí ricotta (wàràkàṣì rírọ̀) inú rẹ̀ bá sì ń somi, ìsàlẹ̀ á rọ̀, á jò. Ó yẹ kó ti sùn mọ́jú nínú asẹ́.

Ìdáná_Peckham
Cacio e pepe (pasítà tí wọ́n fi pecorino, ìyẹn wàràkàṣì àgùntàn, àti ata dúdú ṣe) ń di ìṣù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Kí ló dé?

Ìyá_Bologna
Ooru ni. Pecorino tó bá pàdé ooru tó kọjá bíi 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èròjà ara rẹ̀ á so pọ̀ bí wàrà tó dì, á di okùn mọ́ ṣíbí. Gíráàmù 50 pecorino tí ẹ rin kúnná bí gàárì lẹ́búlẹ́bú, fún gíráàmù 100 pasítà. Ẹ yan ata dúdú tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ nínú páànù gbígbẹ títí yóò fi ta sánsán. Ẹ bu omi pasítà sínú ife, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, kí ẹ fi lú pecorino títí tí yóò fi dà bí ògì. Ẹ pa iná. Ẹ ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Ìgbà yẹn ni ẹ ó dà á sórí pasítà, kí ẹ máa jù ú sókè. Omi pasítà yẹn ló ní sítáàṣì tí kì í jẹ́ kó dì, torí náà ẹ má fi omi ẹ̀rọ rọ́pò rẹ̀.

Omi síse: lítà kan sí gíráàmù 100, iyọ̀ gíráàmù 10 sí lítà kan. Fún cacio e pepe, ẹ dín omi kù kí sítáàṣì rẹ̀ lè ki, ẹ sì dín iyọ̀ kù sí bíi 7, torí pecorino ti ní iyọ̀ lára. Ẹ má da òróró sómi. Orí omi ló ń léfòó sí, kì í ṣiṣẹ́ kankan bí kò ṣe pé kó bo ara pasítà kí ọbẹ̀ má bàa dì mọ́ ọn. Tagliatelle tútù, ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta.

Alhaja_Ọ̀ṣogbo
Ẹ jọ̀wọ́, àwa tí a kì í mutí, tí a kì í sì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́?

Ọlọ́tí_Navigli
Alhaja, ó rọrùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá ń sanwó ni kí ẹ ti kọ ọ́ sí wọn, ẹ má dúró di ẹnu ọ̀nà, torí wọ́n á ti ra ẹran. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa kọ ni "senza maiale" (láìsí ẹlẹ́dẹ̀) àti "senza alcol". Ẹ ṣọ́ ibi tó fara pamọ́: guanciale inú ọbẹ̀ pasítà carbonara àti amatriciana, ẹlẹ́dẹ̀ ni. Inú tortellini Bologna (pasítà tí wọ́n di ẹran sínú), prosciutto àti mortadella wà níbẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ náà ni. Ragù (ọbẹ̀ ẹran) Bologna máa ń ní pancetta, ẹlẹ́dẹ̀ ni, àti wáìnì. Wàràkàṣì Parmigiano Reggiano, ohun tó ń mú wàrà rẹ̀ dì láti inú ikùn ọmọ màlúù ló ti wá, ti pecorino romano láti ara ọ̀dọ́ àgùntàn. Ẹni tó bá ń wo ìyẹn mọ́ hàláàlì tàbí tí kì í jẹ ẹran rárá, kó bèèrè wàràkàṣì tí wọ́n kọ "caglio vegetale" sí. Orecchiette tí wọ́n fi omi pò, pẹ̀lú tòmátò àti basil kò ní wàhálà kankan.

Ní ti mímu, ẹ sọ pé "analcolico". Crodino àti Sanbittèr korò bí Campari, wọn ò lọ́tí. Crodino, sódà, yìnyín, awẹ́ ọsàn: ìwọ̀n rẹ̀ kò yàtọ̀, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sì dín kù.

Ọ̀gá_Pátákó
Ẹni tí àlìkámà ń ṣe ní jàm̀bá (celiachia ni wọ́n ń pè é) kò gbọdọ̀ gbà bí wọ́n bá ní "a ó fún ọ ní ìyẹ̀fun mìíràn" nínú yàrá kan náà. Ìyẹ̀fun 00 ń fò nínú afẹ́fẹ́, ó ń bà lé pátákó, igi, aṣọ. Kíláàsì tó jẹ́ senza glutine látòkè délẹ̀ ló yẹ ẹ́.

Ìdáná_Peckham
Ẹ̀yin ará Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má gbé guanciale àti pecorino sínú báàgì. Láti 12 April 2025, ìjọba Great Britain kò gbà kí arìnrìn-àjò kó ẹran ẹlẹ́dẹ̀, màlúù, àgùntàn tàbí ewúrẹ́, tàbí wàràkàṣì, wọlé láti Yúróòpù fún ara rẹ̀. Ọtí ò ní wàhálà: Campari tó jẹ́ ìdá 25 wà lára ọtí líle, lítà 4 ni wọ́n gbà láìsan owó orí, Aperol tó jẹ́ 11 bọ́ sí ti lítà 9. Báàgì ńlá ni kí ẹ kó o sí. Vermouth jẹ́ wáìnì o. Bí ẹ bá ti ṣí i, inú fìríìjì ni, kí ẹ sì tán an láàárín oṣù kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Negroni yín á máa kan bí ọtí kíkan.

Ará_Ọ̀nà
Àwa tí à ń padà sí Ìbàdàn ńkọ́? Ṣé sẹ̀mó tiwa lè dípò semola?

Ìyá_Bologna
Ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ wo ara àpò rẹ̀. Sẹ̀mó kan wà tó ní àgbàdo nínú. Àgbàdo ò ní gluten, orecchiette yín á túká nínú omi. Bó bá jẹ́ àlìkámà nìkan, hóró rẹ̀ ṣì tóbi ju ti rimacinata lọ: ẹ lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ, ẹ sẹ́ ẹ, gíráàmù 100 sí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ 50, kí ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 45 dípò 30 torí hóró ńlá kì í tètè mumi.

Fún ti ẹyin, ìyẹ̀fun búrẹ́dì tó wà lọ́jà wa le ju 00 lọ, òun náà fẹ́ ìsinmi wákàtí kan. Ẹyin wa máa ń kéré, ẹ má kà á ní ẹyọ, ẹ wọ̀n ọ́n: 55 sí 100. Àwọ̀ rẹ̀ kò ní pọ́n bí ti Bologna. Oúnjẹ tí wọ́n fún adìyẹ wọn ló ń sọ pupa ẹyin wọn di bí ọsàn, kì í ṣe ọwọ́ yín. Ẹ sì wo ojú ọjọ́: nígbà ọyẹ́, ẹ fi aṣọ ọ̀rinrin bò ó, ẹ má jẹ́ kó fẹ́ ju ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta lọ kí ẹ tó gé e. Nígbà òjò, kódà ogún ìṣẹ́jú lè má tó, ẹ tan fáànù.

Ará_Ọ̀nà
Èyí tó bá ṣẹ́kù ńkọ́?

Ọ̀gá_Pátákó
Ìṣù tí ẹ kò tíì tẹ́, ọjọ́ kan nínú fìríìjì. Lẹ́yìn ìyẹn, á bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí eérú, kò dùn-ún wò mọ́. Èyí tí ẹ ti gé, ẹ ká a bí ìtẹ́ ẹyẹ lórí àwo tí ẹ wọ́n semola sí, ẹ gbé e sí fírísà títí yóò fi le, ìgbà náà ni kí ẹ kó o sínú ọ̀rá. Ẹ má jẹ́ kó yọ́ kí ẹ tó sè é. Láti fírísà bọ́ sínú omi híhó ni, kí ẹ fi ìṣẹ́jú kan lé e.